Ìyá Àgbà Tó Kí Àbùùbùtán

Mo ń dirun Ṣadé ọmọ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ní ilé wa ní Ifangni. Mo ti di apá òsì tán, apá ọ̀tún ṣì wà ní títú, nígbà tí Tántí Felí wọlé. Àbúrò bàbá mi ni Tántí Felí, òun ló ń bá ìyá wọn gbé ní Lagbé. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré, ó la àgbàlá kọjá, ó dúró níwájú mi, kò sì kí mi. Kò ní ẹ káàárọ̀, kò ní ẹ kú irun dídì, kò bi ọmọ bóyá ó jí dáadáa. Nínú ìdílé tiwa, ẹni tó bá ya odi láàárọ̀ kì í yà á lásán. Mo ti mọ̀ kó tó la ẹnu.

“Ìgbà wo?” ni mo bi í.

“Ní ìdájí. Wọ́n ní kí n bá àwọn bu omi. Kí n tó bù ú dé, wọ́n ti lọ.”

Mo parí irun ọmọ mi. Ẹ lè sọ pé ọkàn mi le. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ìyá àgbà mi. Bí mo bá gbé ọmọ tó dirun lápá kan dé Lagbé, òkú rẹ̀ ì bá jí bá mi wí. Nígbà kan tó rí ọmọ aládùúgbò kan bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ó pe ìyá ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní: “Irun ọmọ yìí kọ́ ni kò pé o. Ìwọ ni.”

Lẹ́nu, “wọ́n” ni mo máa ń pè é, bí ọmọ gidi. Nínú ìwé yìí mo kọ ọ́ ní “ó”, kí ẹ lè dá a mọ̀ láàrin àwa yòókù. Kó dárí jì mí.

Ìyá Àgbà kì í kọjá lára ohunkóhun láìkí i. Ẹni tó dúró, ó kí i kú ìdúró. Ẹni tó jókòó, kú ìjókòó. Ẹni tó ń làágùn, kú oòrùn. Bí obìnrin kan bá ń bú u níta, ó máa ń dúró kó bú u tán, kó wá ní, “Ẹ kú ìbínú o,” kó sì gbé ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Mo ti rí i níbi tó ti ń kí ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Iṣẹ́ epo ló ṣe títí tó fi dàgbà. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Lagbé ni wọ́n ti ń se ẹyìn, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n ń fún un, ilẹ̀ ibẹ̀ sì kún fún èèpo ekùrọ́ tó máa ń gún ni lẹ́sẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń wá láti òdì kejì bọ́dà. Ọ̀kan nínú wọn dé lọ́jọ́ kan, ó kanjú, ó gbé bìdọ́ọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀, kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè epo lójú ẹsẹ̀. Ìyá Àgbà ń bu epo kúrò lójú omi lọ ní tirẹ̀. Ọkùnrin náà tún un sọ. Ìyá Àgbà ò wojú rẹ̀. Nígbà tí Tántí Felí sọ fún un pé ènìyàn ń bá a sọ̀rọ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní: “Mo rí bìdọ́ọ̀nù. Mi ò tíì rí ènìyàn.”

Gbogbo Lagbé rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Ohun kan náà tó mú wa rẹ́rìn-ín ló pa ìyá mi lẹ́kún.

Ọmọ abúlé Ko-Kumolu ni ìyá mi. Nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, oòrùn ti pa wọ́n lójú ọ̀nà, wọ́n sì ti jókòó kí wọ́n tó kí àwọn tí wọ́n bá nílé. Ìyá Àgbà kò gbàgbé. Ìyá mi ló wá fi eékún san án. Ó máa ń gbé oúnjẹ wá fún ìyá ọkọ rẹ̀, á kúnlẹ̀ lórí èèpo ekùrọ́ yẹn, á kí i. Ìyá Àgbà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Títí di ìgbà tó bá wù ú láti dáhùn, orí eékún ni ìyá mi wà, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣì kéré mo máa ń rí ojú èèpo náà lára eékún rẹ̀ nírọ̀lẹ́ bó bá ń wẹ̀. Tántí Felí bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pé ó pọ̀ jù. Ìyá Àgbà dá a lóhùn pé: “Eékún ìyàwó kì í ṣe gíláàsì.”

Bọ̀n, ó dáa. Ẹ̀yin náà mọ bí ọdún Refolísíọ̀n ṣe rí, nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba. A ń na ìkúùkù sókè ní ilé ìwé kí a tó jókòó. Mẹ́tírì tó ń kọ́ wa di kámáràdì, ẹlẹgbẹ́ wa, ṣẹ́fù tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ náà di kámáràdì. Mẹ́tírì ni bàbá mi, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Mi ò lè fi ìyẹn dù ú. Lọ́jọ́ mítíìnì kan ní Ifangni, ó sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́ ìwà féódálì, ìwà ayé tí ẹnì kan ń gun ẹnì kejì lọ́rùn, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, ní ilé tòun, ẹnikẹ́ni kò ní fi eékún kanlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, láàrin àwọn obìnrin tó gbé epo wá sọ́jà. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó lọ bá a tààrà, ó dúró ṣánṣán, ó na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Ẹ káàárọ̀, Kámáràdì Mama.”

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ náà. Ó wá gbé bàsíà epo tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lé e. Bàbá mi kò lè jù ú sílẹ̀. Ó gbé e dání níwájú àwọn ọ̀gá tó wá láti Àjàṣẹ́, epo ń kán sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ìyá Àgbà nu ọwọ́, ó ní: “Ọwọ́ tó bá nà sí mi, iṣẹ́ ni mo máa ń gbé lé e.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu omijé. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi lọ sí Lagbé láti lọ ṣàlàyé. Mo tẹ̀ lé e. Kò dọ̀bálẹ̀. Ìyá Àgbà kò sì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní: “Àkànní, gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí kò lè kí mi láàyè, kó má wá kí òkú mi.”

Bàbá mi ní, “Mo gbọ́, Mama.” A sì padà sílé.

Láti ìgbà náà, àwa ọmọ la di ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láàrin wọn. “Sọ fún bàbá rẹ.” “Sọ fún màmá àgbà rẹ.” Ìyá kan àti ọmọ kan, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà ní yàrá kan náà. Ẹ̀rù ìbúra yẹn ń bà mí ju gbogbo ìyókù lọ. Mo ti mọ̀ pé Ìyá Àgbà kì í sọ ọ̀rọ̀ kó tún gbà á padà, mo sì mọ̀ pé bàbá mi kì í bẹ̀bẹ̀.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí bàbá mi sọ pé ní vakáǹsì, ìgbà ìsinmi ilé ìwé, gbogbo wa máa lọ sùn létí òkun. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nípa àbùùbùtán, ẹran ńlá inú òkun, láti inú ìwé, òun fúnra rẹ̀ kò rí i rí, wọ́n sì ti sọ fún un pé ní àkókò òjò tútù, wọ́n máa ń wá bímọ sí ojú òkun wa. Ó yá àgọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tóun náà jẹ́ mẹ́tírì ní bàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ní ìbòrí lẹ́yìn, ó sì gbà láti wà wá.

Ìyá Àgbà gbọ́. Ó pè mí. “Sọ fún bàbá rẹ pé èmi náà ń lọ.”

Bàbá mi ní, “Sọ fún màmá àgbà rẹ pé inú àgọ́ la máa sùn, lórí ilẹ̀.”

Mo padà lọ sọ ọ́. Ìyá Àgbà ní: “Sọ fún un pé orí ilẹ̀ ni mo bí i sí.”

Nígbà tí mo bi í ìdí tó fi fẹ́ lọ, kò fi mí ṣeré. Ó ní láti ìgbà tóun ti wà lọ́mọdé tóun ti ń fún epo, òkun ni wọ́n ń sọ pé epo ń bá lọ. Àwọn òyìnbó kó o lọ, àwọn aláwọ̀ dúdú kó o lọ, ọkọ̀ gbé e, kò padà. “Mo fẹ́ rí ẹnu tó ń gbé e mì,” ló wí.

Iwájú ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Bàbá mi bá wa jókòó lẹ́yìn, lábẹ́ ìbòrí, láàrin ìkòkò àti àgọ́. A gba Ko-Kumolu kọjá. Ìyá mi yọjú wo ojúlé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní kí awakọ̀ dúró, nítorí Ìyá Àgbà kò tẹ ibẹ̀ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ní baráàjì tó wà ṣáájú Kútọ́nù, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró, sójà kan tó ṣì kéré, tó gbé ìbọn, ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Ó ń pariwo ọ̀rọ̀ Refolísíọ̀n, bàbá mi sì ń dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Ìyá Àgbà kò bọ́ sílẹ̀. Ó yọ orí lójú fèrèsé.

“Ẹ kú ìdúró o, ọmọ mi. Oòrùn yìí mà pọ̀. Ṣé o ti jẹun?”

Ọmọkùnrin náà wo bàbá mi, ó wo Ìyá Àgbà. Ó fèsì ní Nàgó, èdè tiwa, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, “Mi ò tíì jẹun, Mama.” Ọmọ Ṣábẹ̀ ni. Ìyá Àgbà gbé ẹ̀kọ àti ẹja fún un, ó ní kó lọ sábẹ́ ibòji. A kọjá. Bàbá mi ń kùn lẹ́yìn pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ológun sọ̀rọ̀ nìyẹn, kí n sọ fún un. Mo na ẹnu sí ojú ihò ìbòrí, mo sọ ọ́. Ìyá Àgbà kò yí ọrùn padà. “Ẹni tó ní ìbọn náà ní ìyá.”

Etí òkun tó wà lẹ́yìn Gran-Popo la pàgọ́ sí, lábẹ́ àwọn igi àgbọn. Ìyá Àgbà yí àgọ́ náà ká, ó fọwọ́ kàn án, ó ní aṣọ ni. Ẹni tó bá sùn sínú aṣọ, wíwọ̀ ló wọ̀ ọ́, kò tíì délé. Inú bàṣé ló sùn. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jí, ó ti wà létí omi, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀. Mo lọ bá a. Omi ń wá, ó ń padà. Mo bi í ohun tó rò.

“Kò tóbi tó bí mo ṣe rò ó,” ló wí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní: “Irọ́ ni mo pa.”

Apẹja tó gbé wa lọ sójú òkun, Fofo Kosi là ń pè é, “fofo” ni ẹ̀gbọ́n ní èdè wọn. Ọkọ̀ igi gígùn ni tirẹ̀, tó ní mọ́tò, ẹ́ńjìnnì kékeré, nídìí. Kí a tó wọlé ó sọ òfin rẹ̀ ní Faransé, bàbá mi sì sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá: ohunkóhun tí a bá rí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde, nítorí bí gbogbo wa bá rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á dojú dé. A ní a ti gbọ́. Ìyá Àgbà di pákó mú, ó di ojú, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì láti orí ìgbì àkọ́kọ́. Tántí Felí ń bì. Ìyá Àgbà la ojú kan, ó ní, “Ẹ kú èébì,” ó tún un dì.

Lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, omi rọlẹ̀. Orí ìjàpá òkun kan yọ, ó wò wá bí àgbà tó gbàgbé orúkọ wa, ó padà sísàlẹ̀. Àwọn ẹja ńlá kan tó ń fò jáde nínú omi bá wa sáré títí, wọ́n fi wá sílẹ̀. Mo rò pé ó tán.

Lẹ́yìn náà ni omi tó wà lápá ọ̀tún wa gbéra. Ẹ̀yìn dúdú kan yọ, ó ń yọ, kò tán bọ̀rọ̀. Ó tú èémí sókè, omi fọ́n ká bí ooru ìkòkò epo tó ń hó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí kékeré kan yọ, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn.

Gbogbo wa dìde. Bàbá mi tó túmọ̀ òfin ló kọ́kọ́ dìde. Ó na ọwọ́, ó ń pariwo, “Ẹ wò ó, ẹ wò ó, òun àti ọmọ rẹ̀ ni,” bí ẹni tó wà níwájú pátákó ìkọ̀wé. Gbogbo wa rọ́ lọ sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ tẹ̀. Mo rí omi òkun tó ń wọlé bí ẹni tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fofo Kosi ń ké lẹ́yìn, àwa kò gbọ́ nǹkan kan.

“Ẹ kúnlẹ̀!”

Ohùn Ìyá Àgbà ni, ohùn tó fi ń ṣe ọ̀gá lẹ́yìn ilé ní Lagbé. Ara wa ló gbọ́ ọ kí orí wa tó gbọ́. Ìyá mi ló kọ́kọ́ wólẹ̀, bó ti mọ́ ọn lára. Àwa ọmọ wólẹ̀. Tántí Felí wólẹ̀ sínú èébì rẹ̀. Bàbá mi náà wólẹ̀, gbì, eékún rẹ̀ méjèèjì nínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ mì, ó mì, ó wá padà dúró.

Àbùùbùtán náà ṣì wà níbẹ̀, nítòsí, òun àti ọmọ rẹ̀. Ìyá Àgbà, tóun náà wà lórí eékún, yí ojú sí i. Ó kí i bí a ṣe ń kí abiyamọ tuntun.

“Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ kú ọwọ́ lómi.”

Àbùùbùtán náà tú èémí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rì. Ìyá Àgbà ní ó dáhùn. Fofo Kosi bi bàbá mi ní Faransé bóyá àdúrà la gbà sí ẹja náà. Bàbá mi nu omi iyọ̀ kúrò lójú. “Rárá,” ló wí. “A kí i ni.”

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ibẹ̀ ni ìjà parí sí. Kò parí. Nígbà tí a padà dé etí òkun, tí a sá aṣọ sórí okùn àgọ́, tí ìyá mi ń yan ẹja, Ìyá Àgbà bá bàbá mi sọ̀rọ̀ láìgba ẹnu mi.

“Àkànní, o kúnlẹ̀.”

“Ọkọ̀ ló ń yí, Mama. Mi ò kúnlẹ̀ fún yín.”

“Mo mọ̀. Èmi náà kì í ṣe ọgbọ́n ni mo lò. Ẹsẹ̀ mi ló yẹ̀, ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo wí.”

Tántí Felí bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ń wo iná.

“Ẹ rò pé Refolísíọ̀n ló kọ́ mi,” ló wí. “Ṣáájú Refolísíọ̀n ni. Mo wá sí Lagbé lọ́jọ́ kan, mo bá ìyàwó mi lórí èèpo ekùrọ́, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ń bu epo. Mo dúró lẹ́yìn ọ̀pẹ. Mo ní ẹ máa dáhùn báyìí, ẹ máa dáhùn báyìí. Mi ò lè wá sọ ọ́ fún yín lójú. Ẹ̀rù yín bà mí. Nígbà tí Refolísíọ̀n dé tí wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀, òun ni mo lọ sọ.”

Ìyá mi ti fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀. Ìyá Àgbà pè é.

“Ìyàwó. Eékún rẹ ńkọ́?”

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá mi, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa bi í tí kò ní sọ pé kò séwu. Lọ́jọ́ yẹn ó wo ẹja orí iná, ó ní, “Ó ń dùn mí, Mama.”

Ìyá Àgbà sún lórí ẹní rẹ̀, ó fọwọ́ gbọn iyanrìn kúrò ní apá kan. Ó ní kó wá jókòó. Ìyá mi jókòó tì í, wọ́n sì jẹ ẹja nínú abọ́ kan. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, ó wo bàbá mi. “Ti ìyàwó rẹ nìyẹn. Ó ku ti àwa méjèèjì.”

“Ó kù, Mama,” ni bàbá mi wí.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, tí a dé Ko-Kumolu, Ìyá Àgbà gbá awakọ̀ léjìká, ó ní kó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa ìró rẹ̀ le, ó rìn wọ agbo ilé bàbá ìyá mi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí rẹ̀. Gbogbo wọn dìde láti kí i. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dá wọn dúró. “Ẹ jókòó,” ló wí. “Èmi ló bá yín nílé.” Òun ló sì kọ́kọ́ kí wọn.

Láti ìgbà náà lọ, bí ìyá mi bá ti fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, á ti gbá a ní ìgbọ̀nwọ́ mú kí eékún tó kanlẹ̀. Ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Níwájú ènìyàn, ó ń dúró ṣánṣán, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti sọ ní gbangba. Lẹ́yìn ilé ní Lagbé, bí kò bá sí ará ìta, ó máa ń tẹ̀ ba, á fi ìka kan ilẹ̀. Ìyá Àgbà á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Mo rí ìdajì,” ló máa ń wí. Wọ́n gbé bàbá mi lọ sí ilé ìwé kan ní apá àríwá, ó ń wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé àbùùbùtán inú òkun dá òun lóhùn, á wá fi kún un pé: “Ó ku ẹnì kan.” Ṣùgbọ́n kò gba ìbúra rẹ̀ padà.

Bó ṣe kú nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀.

Nígbà tí mo gbé Ṣadé dé Lagbé, wọ́n ti tẹ́ Ìyá Àgbà sí yàrá iwájú, wọ́n ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún un. Ìjà ti wà nílẹ̀. Tántí Felí ń sunkún, ó ń sọ pé òun wà níbẹ̀ nígbà ìbúra náà, òun fi etí òun gbọ́ ọ, òun kò lè jẹ́ ẹni tó máa tẹ ọ̀rọ̀ ìyá òun mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ikú rẹ̀. Àwọn àgbà agbo ilé ní ọ̀rọ̀ tí òkú fi sílẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ pa rẹ́. Kí Àkànní wá sìnkú, ṣùgbọ́n kó dúró síta. Lọ́jọ́ kejì, ó dé láti àríwá, eruku bò ó, ó wọ kóòtù tí àwọn ènìyàn ìjọba máa ń wọ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Kò jiyàn. Ó ní, “Mo gbọ́,” ó sì dúró síbẹ̀ nínú oòrùn.

Ìyá mi ló jáde láti ìdí iná. Ó ń fi ìró nu ọwọ́.

“Ta ló wà lórí eékún nígbà náà?” ló bi wọ́n.

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Èmi ni. Torí mi ni wọ́n ṣe jà, ẹ kò sì bi mí. Mama tó fi mí sórí eékún nígbà náà, òun kan náà ló ń gbá mi ní ìgbọ̀nwọ́ mú títí di oṣù tó kọjá. Bí gbèsè bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni wọ́n jẹ, wọ́n sì ti san án. Felí, nu ojú rẹ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọlé kí ìyá rẹ̀.”

Wọ́n yà fún un. Bàbá mi wọlé. Ó tú kóòtù náà, ó gbé e fún mi. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà àti iwájú orí rẹ̀ nílẹ̀, níwájú ìyá rẹ̀ àti níwájú gbogbo ìlú tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní mítíìnì. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Mama.” Ọ̀sán ti pọ́n.

Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dá dìde. Ẹni tí a kí ló ń sọ fún un pé ó tó. Bàbá mi wà nílẹ̀. A ń wo ara wa. Mi ò mọ ẹni tó lè gba ẹnu òkú sọ ọ́. Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

“Dìde,” ló wí. “Ó pé.”

Lẹ́yìn tí a sìnkú tán, tí àwọn ènìyàn ti ń tú ká, Ṣadé fà mí ní ìró. Bàbá mi jókòó sórí ìjókòó gbọọrọ lábẹ́ igi, òun nìkan.

“Màmá, ṣé Bàbá Àgbà ṣubú ni, nínú yàrá?”

“Rárá. Wọ́n ń kí ìyá wọn ni.”

“Ṣé ìyá wọn dáhùn?”

Irọ́ tó dára wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì. Mo sọ fún un pé rárá, kò dáhùn, ẹni tó kú kò lè dáhùn mọ́. Mo ní ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà rẹ̀ ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn, òun lè dáhùn, kó lọ kí i nísinsìnyí.

Ó ti ń lọ, ó tún yíjú padà.

“Ṣé kí n kúnlẹ̀?”

Mo ní bó bá wù ú ni.